Àlejò Tí Kò Lọ

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣùgbọ́n kì í rójú jókòó. Ìdúró ló fi ń gé aṣọ, ìdúró ló fi ń rán bọ́tìnnì. Bó bá sì di dandan kó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò ní í rán jìnnà tí yóò fi dìde, tí yóò yíjú wo ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí yóò sì fọwọ́ pa àga wò. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Má-jókòó. Wọ́n rò pé ìwà ni. Èmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó lè dé lónìí, kó dáwọ́ dúró, kó tún yọjú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọmọ ló ń wá láti ìgbà tó ti lọ́kọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Síbẹ̀, kò lè pe ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. "Àlejò" ló ń pè é, bí ìyá wa ṣe kọ́ wa. Ó dé kẹ́míìsì, ó ní, "Àlejò mi ò lọ mọ́."

Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní, "Ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́, ma. Á lọ."

Ló bá ra oògùn ẹ̀fọ́rí bọ̀ wálé. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà inú bí mi gan-an.

Nígbà tí ibà dé, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń ro ó débi pé kò lè nàró, mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Dókítà béèrè ohun tó ń ṣe é. Ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àlejò, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, dókítà. Nǹkan tó ń rùn sì ń bá a jáde."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀ ti gba ojú ara wọ ilé ọmọ. Dókítà ní bí kò bá tètè lo oògùn, ó lè dí ọ̀nà ọmọ pa. Ọkọ náà gbọ́dọ̀ lò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún kó o lára ọkọ.

Mo sìn ín délé. Ọkọ rẹ̀ ti oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi tí nǹkan kan ò ṣe? Ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn. Àlejò tìẹ ni, bójú tó o."

Ẹ̀gbọ́n mi rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún lọ. Mo rò pé yóò dákẹ́ ni.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," ó ní. "Àrùn ló ń fà á. Èmi ò jáde lọ pè é. Ẹ̀yin lẹ mú àlejò yìí wọlé, ẹ bá mi lé e."

Ó gbé omi síwájú ọkọ. Ó fa àga, ó jókòó láì wẹ̀yìn wò, kò sì dìde títí ọkọ rẹ̀ fi gbé oògùn náà mì.