Imú Tí Mo Fi Ń Ta Kẹ́ẹ̀gì

Kẹ́ẹ̀gì àlòkù ni mò ń tà ní Bàrígà. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ni mo ti ń rà wọ́n, a ó fọ̀ wọ́n, a ó tà wọ́n fún àwọn tó ń pọn omi. Mi ò kàwé, imú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣí ìdérí, mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ọkọ mi ní imú mi lòun fẹ́, ara tó kù ló kàn tẹ̀lé e wálé.

Bísí, ọmọọṣẹ́ mi, ló ń bá mi fọ kẹ́ẹ̀gì. Àwọn kẹ́ẹ̀gì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń kó fún un, torí òórùn wọn dùn, mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni. Ibi tó ń da omi rẹ̀ sí, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́, eṣinṣin ò bà síbẹ̀. Mo ní ilẹ̀ wa mọ́ ju ààfin lọ.

Oyún Bísí wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ládùúgbò pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni àjẹ́ tó ń ṣe é.

Nígbà tó lóyún lẹ́ẹ̀kẹta, ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Kí lo jẹ?”

“Mi ò tíì jẹ nǹkan kan, mà.”

“O ti fọ kẹ́ẹ̀gì?”

“Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Mo fà á lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

“Mi ò lè búra pé òun ló ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́,” nọ́ọ̀sì wí, “ṣùgbọ́n kẹ́míkà lè ṣe oyún léṣe. Kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀yin náà, mà, ẹ yé fà á símú.”

“Kí n wá máa fi etí tajà?”

Kò rẹ́rìn-ín.

Mo fi ọ̀bẹ gún gbogbo kẹ́ẹ̀gì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó kù, mo gba Abúlé Òkúta lọ sílé ọkọ Bísí, mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀.

“Dìde,” màmá wí. “Àjẹ́ fẹ́ fún ẹ lómi.”

Mo gbé ife sẹ́nu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Màmá, ta ló ń mu omi yìí?”

“Gbogbo wa. Bísí ló gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá. Ó ní ìwọ lo fi ta òun lọ́rẹ.”

Mo da omi náà nù, mo gún kẹ́ẹ̀gì náà níbẹ̀.

Oyún Bísí ti pé oṣù méje báyìí. Láràárọ̀ ni mò ń lọ gbóòórùn omi ilé wọn. Kò rùn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja yíyan mi jóná lórí iná lẹ́yìn mi gan-an, ọkọ mi ló sáré wá láti ìta sọ fún mi.