Máṣínì Olúwa, Epo Tèmi

Mo rántí òórùn òróró tí pásítọ̀ wa dà sórí máṣínì mi ní ọjọ́ ìsinmi kan ní Mowe. Kì í ṣe pé ó kán an díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kán an síwájú orí ọmọ tuntun. Bàbá da ìgò náà dé ìdajì. Ó fi ra táǹkì, ó fi ra ibi ìdìmú, ó fi ra ìjókòó, ó sì pàṣẹ pé ohunkóhun tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ mu lójú ọ̀nà márosẹ̀ kò ní rí tèmi. Ìjọ ṣe àmín. Nígbà tí mo gun máṣínì náà lọ sílé, ìjókòó ń yọ̀ mí síwá sẹ́yìn bí ẹni jókòó sórí ẹja àrọ̀, ṣòkòtò funfun tí mo wọ̀ ṣe ìdúpẹ́ sì gba àbàwọ́n tí ọṣẹ kankan kò rí ṣe. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn. Mo ní àbàwọ́n ìbùkún ni.

Ayọ̀ mi nídìí. Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta òròmọdìẹ, oúnjẹ adìẹ àti oògùn adìẹ létí títì. Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ bá àwọn oníbàárà wa lóko wọn, ní Ibafo, ní Magboro, ní Owódé Ẹ̀gbá, títí dé Ifo, kí n lọ fún adìẹ wọn ní oògùn àjẹsára. Ọkọ̀ èrò ni mò ń wọ̀ káàkiri, níbi tí ọkọ̀ kò bá sì dé, ẹsẹ̀ mi ni mò ń fi ń parí rẹ̀. Ọ̀gá mi wò mí títí, ó ní ìdánwò ni òun ṣì fi mí ṣe, pé ẹni tó bá ní máṣínì ara rẹ̀ ni òun máa gbà síṣẹ́ pátápátá. Ó ní, "Adìẹ kì í dúró de ẹni tó ń dúró de ọkọ̀." Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, mo sì dá àjọ mọ́ ọn, nítorí màámi, tó jẹ́ olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, máa ń sọ pé bí ẹnu bá ń ṣe àmín, kí ọwọ́ náà má ṣe máa sùn. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo ra tòkunbọ̀ kan tó ti rí ayé, ṣùgbọ́n tó ṣì ń gbéra. Títí di òní ni mò ń dúpẹ́ rẹ̀.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn òróró, wọ́n gbé gbohùngbohùn fún mi kí n jẹ́rìí. Ó yẹ kí n sọ pé Ọlọ́run ṣeun, kí n lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba gbohùngbohùn nínú ìjọ wa tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, wọ́n á rò pé ìbùkún rẹ̀ ló kéré. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo kígbe, "Ẹ̀yin ará, máṣínì yìí kì í ṣe tèmi o! Ti Olúwa ni!" Gbogbo ìjọ dìde. Ìlù dún, dùùrù dún. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé máṣínì náà lọ bá ọkùnrin tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ lẹ́bàá títì, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí irin tó bo táyà ẹ̀yìn: TI OLÚWA NI. Ohun tí mo sọ ni pé Ọlọ́run ló fún mi. Ohun tí ìjọ gbọ́ ni pé máṣínì ìjọ ti dé.

Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, ló kọ́kọ́ dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ẹnu ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ Olúwa ti dé o."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Iṣẹ́ wo ni, mà?"

"Ata ni. Ata ìkórè. Ibafo la ti máa rà á, ó pọ̀ níbẹ̀." Ó rí i pé mò ń lọ́ra. "Àbí máṣínì ta ni mò ń wò yìí?"

Tí mo bá kọ̀, á dà bí ẹ̀ṣẹ̀. Mo gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, mo gbé jẹnẹrétọ̀ ìjọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, mo gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, mo gbé ewúrẹ́ ìdúpẹ́ kan tó jẹ etí àpò mi jálẹ̀ ọ̀nà. Lándílọ́ọ̀dù mi, tó jẹ́ pé mọ́sálásí ló ń lọ, náà gbọ́. Ó ní, "Ṣé Olúwa tiyín yàtọ̀ sí tiwa ni? Gbé mi dé Magboro jàre, mo fẹ́ lọ wo àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ fún mi." Mo gbé òun náà. Ohun kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò rántí pé ó yẹ kó jẹ́ ti Olúwa, ìyẹn ni epo. Táyà jẹ́ ti Olúwa, ìjókòó jẹ́ ti Olúwa, àní fèrè rẹ̀ tó ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe jẹ́ ti Olúwa, ṣùgbọ́n tí a bá ti yà sílé epo, ẹni tí mo gbé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí ìpadàbọ̀ Jésù.

Lọ́jọ́ kan, agbèrò kan dá èmi àti Ìyá Ẹgbẹ́ dúró ní oríta, ó ní kí n wá gba tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní mi ò gbé èrò.

"Ìyá tó wà lẹ́yìn ẹ yìí ńkọ́? Ṣé ẹrù ni?"

Ìyá Ẹgbẹ́ yarí. "Ẹrù ni bàbá ẹ! O ò lè kàwé ni? Wo ẹ̀yìn máṣínì, ti Olúwa ni!"

Agbèrò yí lọ sẹ́yìn, ó kà á sókè, ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi sọ fún Olúwa pé tíkẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ ti òní ṣì wà nílẹ̀ o."

Èmi ni mo bá Olúwa san án.

Níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ti ń wò mí bí ẹni wo ọjà tó fẹ́ dá padà. Kí n tó ní máṣínì, mi ò pẹ́ tó báyìí rí. Ó wá sọ ojú abẹ níkòó fún mi. Ìyá kan wà ní Ifo, Àlhájà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì fi gbogbo rẹ̀ kó òròmọdìẹ. Lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ run bí iná ọyẹ́, ti wọ àdúgbò rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń kó òkú adìẹ sínú àpò. Ọ̀gá mi kó ìgò oògùn kéékèèké sínú kúlà, ó kó yìnyín yí i ká, ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Yìnyín yìí ni ẹ̀mí oògùn. Bó bá yọ́ kí o tó débẹ̀, omi lásán lo gbé lọ. Mo ti ní kí Àlhájà má fún wọn lómi láti àárọ̀, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n lè mu omi oògùn náà tán kíákíá. Nítorí náà, wọ́n ń dúró dè ọ́. Ibẹ̀ ni ìdánwò rẹ parí sí." Mo so kúlà mọ́ ẹ̀yìn máṣínì, mo ṣáná sí i.

Mi ò tíì jáde ní Mowe tán tí fóònù mi dún. Pásítọ̀ ni. Àlejò tó fẹ́ wá wàásù fún wa ti sọ̀ ní Ibafo, oòrùn sì ń pa á.

"Sà, ọ̀nà Ifo ni mo wà. Yìnyín ló wà lẹ́yìn mi, sà."

"Ṣé yìnyín ló ṣáájú ìránṣẹ́ Olúwa ni?"

Wọn kò kọ́ mi ní ìdáhùn ìyẹn nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo yí orí máṣínì padà. Àlejò náà sanra dáadáa, ó sì gbé àpótí dání, nítorí náà mo tú kúlà kúrò lẹ́yìn, mo há a mọ́ àárín itan mi, a sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi kúlà sílẹ̀ lórí ìjókòó, mo bá a gbé àpótí rẹ̀ wọlé dé yàrá ìsinmi. Mo jáde padà, mi ò rí kúlà mọ́. Mo sá wọ ibí, mo sá wọ ọ̀hún, ìgbà tí mo tún padà dé yàrá náà ni mo bá Ìyá Ẹgbẹ́ tó ń yìn mí.

"Ọmọ yìí mà gbọ́n o! Ẹ ò rí i pé ó tilẹ̀ gbé yìnyín wá fún àlejò!"

Àlejò di ife mú, yìnyín mi ń dún woroworo nínú rẹ̀. Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, àwọn ìgò oògùn mi tò gẹ́rẹ́gẹ́.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. "A rí òróró kéékèèké tí o kó wá. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti gbàdúrà sí i."

"Sà, kì í ṣe òróró. Oògùn lúkúlúkú ni."

Àlejò wo inú ife rẹ̀. "Lúkúlúkú wo?"

"Ti adìẹ, sà."

"Kò ní ṣiṣẹ́!" ni Ìyá Ẹgbẹ́ ké, ó sì ti gbé ọwọ́ lé àlejò níkùn. "Kò ní ṣiṣẹ́ lára yín lórúkọ Jésù!" Mo ṣàlàyé títí pé inú ọ̀rá ni ìgò wà, pé ìdérí wọn kò ṣí, pé kò sí ohun tó máa ṣe àlejò wa. Àlejò rọra gbé ife kalẹ̀, mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò fẹnu kan nǹkan kan mọ́ títí ìsìn fi parí.

Pásítọ̀ kó ìgò náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti gbóná. Ó ní, "Máa mú un lọ bẹ́ẹ̀. A ti gbàdúrà sí i." Mo gba àdúrà gbọ́ nígbà náà, mo sì gbà á gbọ́ lónìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn òròmọdìẹ wọ̀nyẹn lọ́kàn mi, tí wọ́n la ẹnu nínú ooru. Ọlọ́run tó dá adìẹ ló fi òtútù ṣe ẹ̀mí oògùn rẹ̀. Tí mo bá mú òkú oògùn lọ fún opó, tí mo sì pe orúkọ Rẹ̀ lé e, orúkọ Rẹ̀ ni mo fi parọ́. Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi padà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdágbére.

Ó gbọ́ ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Nítorí náà, Olúwa ló mu yìnyín mi?"

"Rárá, sà. Ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó kó oògùn mìíràn sínú kúlà, ó ní, "Bí adìẹ ìyá yẹn bá run, kí Olúwa tó ni máṣínì wá iṣẹ́ fún ọ."

Mo fò jáde. Lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa, lándílọ́ọ̀dù mi ti dúró pẹ̀lú àpò ìṣó, ó ń juwọ́. "Ọkọ̀ Olúwa! Ọkọ̀ Olúwa! Magboro!"

"Olúwa ń lọ sí Ifo, sà!" ni mo dá a lóhùn, mi ò sì dúró. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́.

Láti òpópónà ni mo ti ń gbọ́ igbe àwọn òròmọdìẹ náà. Àlhájà dúró lẹ́nu géètì, ìbòrí rẹ̀ ti rin fún òógùn, ó ti pọn omi sílẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó fi ọwọ́ kan yìnyín bóyá ó ṣì wà. Ó ṣì wà. A po oògùn mọ́ omi, a gbé e wọlé, wọ́n sì rọ́ lù ú. Àwọn mìíràn ti na ọrùn sílẹ̀, a ń fi ọwọ́ gbé wọn sí ẹnu omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí igbe náà rọlẹ̀ ni Àlhájà tó jókòó, tó sì rí ẹ̀yìn máṣínì mi.

"Ti Olúwa ni," ló kà. "Kí ló wá dé tó pẹ́? Ti Olúwa kì í pẹ́."

Mo rò ó fún un láìfi ohun kan pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìbòrí nu omi ojú. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹni, ohun ìṣọ́ ni. Ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọn kì í sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ọwọ́ ń fà."

Lúkúlúkú kọjá ní àdúgbò náà, adìẹ Àlhájà kò sì run, wọ́n ṣì ń ké. Ọ̀gá mi kò sọ pé òun gbà mí síṣẹ́. Ó kàn sọ pé, "Máa bọ̀ lọ́la. Má pẹ́." Mo padà sọ́dọ̀ akọ̀wé ara ọkọ̀. Ó bi mí bóyá kí òun pa á rẹ́, mo ní èèwọ̀, ta ló máa pa orúkọ Olúwa rẹ́ ní Mowe tí wọn kò ní ní ó ti padà sẹ́yìn? Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sábẹ́ rẹ̀: ÈMI LÓ Ń ṢỌ́ Ọ. Pásítọ̀ kà á, ó sì mi orí. Ìyá Ẹgbẹ́ kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin kan tó ń bá ahun wí, ó ń kọ ọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ìjọ bá wà tí mo sì ráyè, mò ń gbé e lọ tayọ̀tayọ̀.

Lónìí, mo ní ìsọ̀ oúnjẹ adìẹ tèmi. Máṣínì náà ti kú, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára ògiri mi. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe ìdúpẹ́ máṣínì tuntun nínú ìjọ wa. Ó gba gbohùngbohùn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Kì í ṣe tèmi o! Ti Olúwa ni!" Àmín tèmi ló dún jù lọ. Mi ò ní parọ́: kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo ti ń ro àpò oúnjẹ adìẹ kan tó yẹ kó dé Àgbàdo. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti gbéra, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojúlé ọmọkùnrin náà kí n tó fura pé ẹsẹ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ ni mo fi ń rìn.

Mo padà sílé. Nígbà tí mo tún débẹ̀, ọmọkùnrin náà ti rí mi lókèèrè, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ti ń wá akoto rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Níbo là ń lọ, sà?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Kò síbì kan. Èyí náà, ti Olúwa ni."