Bàbá Àga Lórí Pèpéle

Bàbá Àga ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Òun ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì, àga inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀ọ́dúnrún ni, á ní kí onítọ̀hún lọ kà á.

Okùn ló fi ń to àga. Á so orí kan mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, á fa orí kejì dé ẹsẹ̀ pèpéle, á wá máa to àga kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn títí ìlà náà á fi gún. Àwọn ọmọ yunifásítì á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ṣé àwọn àga yìí fẹ́ yan bíi ṣójà ni?"

"Àwọn àga mi mọ̀ ọ́n yan jù yín lọ. Wọn kì í pẹ́ lẹ́yìn."

Ọdún kejìdínlógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn. Ṣáájú rẹ̀, ó wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ṣáájú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ṣe ṣójà fún ọdún mẹ́tàlá. Kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni rí. Awakọ̀ àwọn ọ̀gá ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó pa ọkọ̀, kí ó sáré yípo, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó kí ọ̀gá bí ṣójà ṣe ń kí, kí ó sì dúró gbọn-in títí ọ̀gá á fi wọlé tán. Ipò kọ́pùrà ló wà nígbà tó kúrò. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bá a gbé, pẹ̀lú ìyá ọmọ náà, ọmọ tí bàbá bí, tó jẹ́ aránṣọ. Lọ́yà ni bàbá ń pe ọmọ náà, torí pé àtikékeré ló ti ń bá a jiyàn. Bí bàbá bá ní kó lọ sùn, á ní kí bàbá sọ ìdí mẹ́ta. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní yunifásítì yẹn náà, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe àpérò lóṣooṣù lórí bó ṣe yẹ kí ṣójà àti ará ìlú máa bára wọn gbé, àti lórí ààbò láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló ń pe àlejò, àwọn ló ń kọ ìwé ìpè, àwọn ló ń gbálẹ̀ bí wọ́n bá parí. Olùkọ́ kankan kì í bá wọn dá sí i.

Lóṣù kan, ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò ni: ta ló yẹ kó máa pàṣẹ fún ṣójà? Wọ́n pe kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n tún pe obìnrin kan tó ń kọ́ni ní òfin. Lọ́yà dìde níbi ìpàdé wọn.

"Ọ̀gá là ń pè ṣáá. Ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún dà? Bàbá mi àgbà ṣe ṣójà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá náà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Bàbá Àga? Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Bí wọ́n ṣe ń ka àga?"

Inú bí Lọ́yà. Ó ní bí bàbá òun bá dójú tì wọ́n lọ́jọ́ náà, òun á fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìpàdé. Lọ́yà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, torí pé òun ni akọ̀wé.

Ó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún bàbá.

"Èmi kẹ̀?" ni bàbá wí. "Títo ni mo ń to àga, n kì í jókòó sí i."

"Lọ́jọ́ yẹn ẹ óò jókòó sí i, Bàbá."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì. Àga kan náà, gíga kan náà. Ohun tá a fẹ́ káyé fojú rí nìyẹn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti bọ́ aṣọ ṣójà, ará ìlú ni wọ́n. Ẹ̀yin náà, ará ìlú ni yín."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Bàbá tó ń dìde dúró fún ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ lo fẹ́ gbé jókòó ti kọ́nẹ́ẹ̀lì."

"Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" ni bàbá wí. "Rán aṣọ rẹ."

Ó wá sọ fún Lọ́yà pé òun á jókòó, òun ò sì ní dójú tì í.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àpérò náà. Àga mẹ́rin ni bàbá gbé sórí pèpéle, àga lásán tí kò ní ọwọ́, bí àwọn ọmọ náà ṣe wí. Ó gbé àga ńlá onítìmùtìmù tí wọ́n máa ń gbé fún àlejò pàtàkì lọ sínú yàrá ẹrù. Ọmọ rẹ̀ ti lọ ẹ̀wù funfun fún un. Nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, èèyàn ogóje ló ti jókòó. Obìnrin olóòfin jókòó. Alága ẹgbẹ́, géńdé kan tó tín-ínrín tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, jókòó. Bàbá Àga náà jókòó. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò tíì dé.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní kí wọ́n máa bá a lọ. "Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ni ọ̀gá yín?"

"Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

"Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ará ìlú ló ra ọkọ̀ yẹn. Ará ìlú ló ra epo tá a rọ sí i. Àwọn ló yẹ kó sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Lọ́yà ló ń gbé máíìkì kiri láàárín èrò. Bàbá wò ó. Ẹ̀rín kún ẹnu ọmọ náà bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Ìgbà yẹn ni kọ́nẹ́ẹ̀lì wọlé.

Kò wọ aṣọ ṣójà. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Kò tíì ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, Bàbá Àga bí irú rẹ̀ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàbá kọ́kọ́ gbọ́. Kó tó mọ̀, ó ti wà lórí ìdúró, gìgísẹ̀ méjèèjì ti papọ̀, ọwọ́ ti dé iwájú orí.

"Kọ́pùrà, ẹ̀ka awakọ̀, sà."

"Fara balẹ̀, kọ́pùrà," ni kọ́nẹ́ẹ̀lì wí.

Bàbá sáré lọ fa àga fún un. Ó wo àga náà, ó rí i pé kò ní ọwọ́. Ó bá sáré wọ yàrá ẹrù, ó gbé àga onítìmùtìmù jáde, ó gbé e gun pèpéle. Àyè ò gbà á. Ó gbé àga tirẹ̀ kúrò. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó. Bàbá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ rọra sọ.

Etí bàbá gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ìránṣẹ́ ará ìlú ni ṣójà, ó sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ìbéèrè kàn, Lọ́yà ò gbé máíìkì fún ẹlòmíràn.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ ní ìránṣẹ́ ará ìlú ni ṣójà. Bàbá arúgbó kan ti dúró sẹ́yìn yín láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ará ìlú ni wọ́n. Kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n jókòó?"

Ariwo sọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kàn yí ọrùn díẹ̀, ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń bèèrè omi.

"Kọ́pùrà, lọ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ ọmọ yẹn."

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni pèpéle náà ní. Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Lọ́yà, ó na ọwọ́.

"Bàbá, èmi ni," ni Lọ́yà wí. Máíìkì gbé ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

"Mú un wá."

Ọmọ náà dì í mú. Bàbá tú ìka ọmọ náà kúrò lára máíìkì, ìka kan tẹ̀lé èkejì. Ó padà gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé máíìkì náà fún kọ́nẹ́ẹ̀lì. Nígbà yẹn ló tó rí i pé gbogbo gbọ̀ngàn ló ń wo òun.

Obìnrin olóòfin ní òun ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tú wọn ká. Bí kọ́nẹ́ẹ̀lì ṣe ń lọ, ó bọ bàbá lọ́wọ́. "O ṣeun, kọ́pùrà. Wọn ò tún kọ́ irú yín mọ́." Inú bàbá dùn. Kò ju bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ó dùn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló tì í lójú jù.

Nílé, ìka kan wú lọ́wọ́ Lọ́yà. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ tútù wé e. Ó wo bàbá, ó ní, "Mo sọ..." Kò parí rẹ̀. Lọ́yà kúnlẹ̀ kí bàbá bó ṣe máa ń kí i. Bàbá ń retí kó bá òun jà, kó bá òun jiyàn. Bàbá ní kó lọ sinmi. Ọmọ náà dìde, ó lọ. Kò bèèrè ìdí kankan.

Lọ́jọ́ kejì, Lọ́yà kọ̀wé fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́yà ní òun ló fọwọ́ ara òun kọ ọ́.

Oṣù yí po. Ọ̀rọ̀ ìjà ààlà láàárín orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá to àga tán, ó lọ bá Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, ó ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú méjì.

"Bàbá, kò pọn dandan o. A ti gbàgbé ẹ̀."

"Èmi ò gbàgbé."

Wọ́n fún un ní máíìkì. Kò gun pèpéle, ilẹ̀ ló dúró sí. Ẹlòmíràn ló jókòó sídìí tábìlì akọ̀wé. Lọ́yà wà ní ìlà karùn-ún.

"Lóṣù tó kọjá," ni bàbá wí, "mo sọ fún yín pé ará ìlú ló yẹ kó pàṣẹ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò pé wákàtí kan, ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò lè san owó oṣù mi, tí kò lè tì mí mọ́lé, pè mí ní kọ́pùrà. Mo ṣe ọmọ mi léṣe nítorí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti kúrò níṣẹ́ ṣójà. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìbéèrè yín nìyẹn."

Ọmọkùnrin kan dìde níwájú. "Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ yín ni. Ẹ̀bi yín kọ́."

"Ẹ̀bi mi ni. Ọwọ́ mi ni."

Lọ́yà nawọ́. Wọ́n gbé máíìkì kejì lọ bá a.

"Bàbá, bí kọ́nẹ́ẹ̀lì bá tún gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé báyìí, tí wọ́n ní kí ẹ wá gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi, kí lẹ máa ṣe?"

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo ti ń rò ó láti oṣù kan. Mi ò mọ̀."

Lọ́yà jókòó. Bàbá dá máíìkì padà, ó ń lọ sẹ́yìn. Nígbà tó dé ìlà karùn-ún, Lọ́yà gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wojú bàbá. Bàbá rí i. Ó kọjá lọ, ó dúró sẹ́yìn pátápátá, torí pé ojú ń tì í láti jókòó.