Ògiri Tó Ń Kúnlẹ̀

Mi ò tíì rí ẹ̀dá tó fẹ́ràn fèrè bíi kóòṣì wa. Ó ń ta ìbòjú fóònù àti okùn ṣájà ní Bọ́ládé, fèrè kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé e wá síbi ìsọmọlórúkọ rí, ojú mi báyìí ló ṣe. Kò gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Orí fóònù ló ti ń wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń gbá a, òun náà á wá dúró níwájú àwa obìnrin tí a ti ń jù ú sínú àwọ̀n láti ilé ìwé girama, á ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ẹ̀yin ìyàwó." Ìyàwó ta ni?

Síbẹ̀, eré kan wà tó kọ́ wa tó dára. Mo ní láti sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń dùn mí. Ó ní kí kálukú bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ó tò wọ́n sórí kọnkéré pápá ilé ìwé tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Àjàó Estate, ó wá ń fi igi tì wọ́n kiri. Sálúbàtà tèmi á gbéra lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, á máa sáré lọ sí igun pápá. Sálúbàtà ẹlòmíì á ti dúró lójú ọ̀nà, kò ní mira. Màá fi èjìká ra onítọ̀hún lára kọjá, ẹni tó ń ṣọ́ mi á sì lọ forí sọ ọ́. Kó tó rí ọ̀nà yí i ká, mo ti dé igun, bọ́ọ̀lù ti dọ́wọ́ mi, mo ti jù ú. Ògiri là ń pe ẹni tó dúró yẹn. Gbogbo ọgbọ́n eré náà kò ju pé kí ògiri má yẹ̀ lọ. Bó bá sún bínńtín, ẹni tó ń ṣọ́ mi á ráyè kọjá, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ògiri wa ni ọmọbìnrin gíga kan tó ń ta ọ̀dà ní Apakun. Níbi ìdánrawò, kò sí ohun tó le tó o. Mo ti ṣèèṣì sáré kọlù ú rí, ara ro mí títí di Wẹ́sìdè. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo máa ń sọ fún àwọn yòókù pé bí a bá ní irú rẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó máa rí wa gbé ṣe ní gbogbo Òṣòdì.

A sì nílò rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ gba Sátidé lọ́wọ́ wa. Àwọn obìnrin kan láti Ìsọlọ̀, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kí wọ́n máa ṣeré ìdárayá, lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé àwọn náà fẹ́ lo pápá láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀gá yìí, tí kò lè parí ìjà adìyẹ méjì, ní ká gbá bọ́ọ̀lù sí i, kí ẹni tó bá borí máa ni àárọ̀ náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ráyè lè fi rẹ́rìn-ín. Èmi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni Sọ́ńdè, àwọn ọmọ àti bàbá wọn ló ni ìyókù. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi pé kí n wá ṣe nǹkan. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa gbà á.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ará Ìsọlọ̀ kó kúlà omi àti àga oníke dé, wọ́n ró ìró lé ṣòkòtò. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọ̀kan nínú wọn kò lè sáré kó má fọwọ́ di ìbàdí mú. Mo ní kí ni àwọn wèrè yìí ń wá níbí?

Kóòṣì kígbe pé, "Ògiri!" Mo gbéra. Ọmọ gíga ti dúró bó ṣe yẹ, ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Mo ra á lára kọjá, mo dé igun, mo nawọ́ fún bọ́ọ̀lù. Àfi bí obìnrin tó ń ṣọ́ mi ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Mo bojú wẹ̀yìn. Ògiri wa ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ orúnkún, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú mà, ẹ kọjá mà."

Mo bi í pé, "Kí lò ń ṣe?"

"Àǹtí, àwọn ni olórí kúáyà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ló kọ́ mi lórin. Mi ò lè dènà fún wọn."

"Eré là ń ṣe! Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n sáré bọ̀ ni?"

"Àgbà ṣáà ni wọ́n, mà."

Olórí akọrin yẹn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Láti ìgbà náà, kò tiẹ̀ sáré mọ́. Tí mo bá ti gbéra báyìí, á rọra tẹ̀ lé mi, á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Ẹ̀hẹ́n, ọmọ mi," ògiri wa á sì yẹ̀ bíi kọ́tíìnì. Mo kórìíra irú àgbà bẹ́ẹ̀, àgbà tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tó wá ń fi ọjọ́ orí gbá a. Àwọn tiwa kò sì sàn jù wọ́n lọ. Ọ̀kan ní, "Ọmọ yẹn lẹ́kọ̀ọ́ o." Kóòṣì ń fọn fèrè rẹ̀ ṣáá, títí rẹfirí fi sọ fún un pé òun lòun ni fèrè níbí.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fi àmì ẹyọ kan péré jù wá lọ. Kóòṣì pè wá jọ. Ó ń wá sálúbàtà tí yóò tò, kò rí, gbogbo wa la wọ kánfáàsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi. Mo ní, "Èmi ni màá ṣe ògiri. Ọmọ yìí ni kó sáré." Èmi àti obìnrin yẹn á jẹ́ ẹgbẹ́, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì kọ́ mi lórin kankan. Ọmọ náà sì mọ bọ́ọ̀lù jù láti igun.

Olórí akọrin rí i pé a ti pààrọ̀. Ó fi mí sílẹ̀, ó lọ ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọmọ náà gbéra, ó ra mí lára kọjá. Màmá olórí akọrin ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wúkọ́. Mi ò mira. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n kọjá." Mo wò ó bí ẹni pé mi ò gbọ́ Yorùbá. Ó kọlù mí láyà gbì, ó sì jókòó sílẹ̀ bí àpò gàrí. Rẹfirí kò fọn fèrè, torí mi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn dúró ni. Mo yíjú sí igun. Ọmọ wa nìyẹn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò sí ẹyọ ènìyàn kan nítòsí rẹ̀. Ó wo apẹ̀rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ níbi tí olórí akọrin jókòó sí. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, bí ẹni gbé ọmọ jòjòló sílẹ̀, ó sáré wá kúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ará Ìsọlọ̀ kan ṣa bọ́ọ̀lù náà, ó dì í mú títí rẹfirí fi ní eré ti parí.

Gbogbo ènìyàn rọ́ wá. Wọ́n ń gbọn eruku lára màmá, wọ́n ń yin ọmọ náà. Àwọn tiwa ń yìn ín, kóòṣì pàápàá ń mi orí. Màmá gbá a mọ́ra, ó ní, "Ọmọdé tó bá mọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun." Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni àyà mi ṣe rí. Ọmọ náà wá gbójú sókè wò mí láti orí ìkúnlẹ̀, omi lé sójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n mà."

Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, pé kí n máa yọjú wá wò wọ́n ní Sátidé.