Àgbá Dúdú Orí Páànù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Monrovia níbí, orí páànù ilé ìdáná ni àgbá omi wa ń gbé. Bàbá mi ló rà á ní Freeport, èbúté ọkọ̀ òkun, ìyá mi sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún látòkè délẹ̀. A ó pọn omi kún un láàárọ̀, oòrùn á máa pa á títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi a ní, "Ohun dúdú kì í jẹ́ kí oòrùn kọjá lásán."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. A ti gbá bọ́ọ̀lù tán, eruku ti bo ẹsẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ewé gbágùúdá ti gba àgbàlá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wẹ̀ kò ní jẹ ìrẹsì. Àgbà ló ń kọ́kọ́ wẹ̀. Òkè àgbá ni ìyá wa ti ń bu omi, ibẹ̀ ló sì gbóná jù. Bọ̀ọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, á gba tirẹ̀, á máa kọrin. Èmi àbíkẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ló kàn mí. Bí mo bá kùn, mo kúnlẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì lókè. Bọ̀ọ̀dá á kọjá lára mi: "Ọlọ́mi-tútù, kú ìwẹ̀ o!"

Ó ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Mo rí àwọn àwo dúdú lórí òrùlé rẹ̀, mo rò pé àwọn ló ń se omi. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ti iná nìyẹn. Ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná, bátìrì ń tọ́jú rẹ̀, ìnfátà ń yí i padà fún gílóòbù àti fáànù. Ti omi yàtọ̀."

Ti omi jẹ́ páìpù dúdú lábẹ́ gíláàsì. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Bó bá ti gbóná, á fúyẹ́, á gòkè fúnra rẹ̀ sínú táǹkì tí wọ́n wé kí ooru má jáde. Àgbá ìyá wa náà ni.

Bọ̀ọ̀dá ní kí n máa wá wẹ̀. N kò lọ. Orí èédú ni mo ń gbé omi tèmi kà látìgbà tí Rámótù ìyàwó mi ti kú. Bí mo bá gbọ́ orin Bọ̀ọ̀dá láti balùwẹ̀, mo máa ń ti fèrèsé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ọlọ́mi-tútù, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ wẹ̀ lónìí. Bí o kò bá wá, èmi náà ò ní wẹ̀."

Mo lọ. Omi náà gbóná dáadáa.

Bí mo ṣe jáde, mo bá ìyàwó rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọwọ́ kan omi inú korobá wò. Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí pé mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé ìwé.

"Akọ̀wé mi, ẹ ti wẹ̀ tán? Mò ń wo ti ẹ̀gbọ́n yín ni, kó má baà bó wọn lára."

Bẹ́ẹ̀ ni Rámótù ṣe máa ń ṣe. Ìgbúnwọ́ ló máa ń kì bọ omi tèmi.

Láyé ọjọ́un, omi gbígbóná Bọ̀ọ̀dá ni mo ń jowú. Lónìí, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀, omi sì ṣẹ́kù púpọ̀ fún gbogbo ilé. Ọwọ́ inú korobá yẹn ni mo ń jowú báyìí.