Bí Wọ́n Ṣe Sọ Mí Di Dàda

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Òkìtìpupa, àwa ọ̀dọ́ kan pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Ilé ń pàṣẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ń pàṣẹ, olùkọ́ ń pàṣẹ. A ya ṣòkòtò wa lórúnkún, a lu etí, ọ̀rẹ́ wa kan sì fi abẹ́rẹ́ kóróṣì tí wọ́n fi ń hun fìlà lọ́ irun wa jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ọ̀rọ̀ wa ò ju ẹyọ kan lọ: orí mi, tèmi ni. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì náà fi ń lọ́ irun, tí àwọn onígbàjámọ̀ ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n ń lé eṣinṣin.

Mo ti múra ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ sílé ní Ìjù-Odò. Ìyá mi, tó jẹ́ ìyá àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ṣílẹ̀kùn, ó wo orí mi, ó sì wólẹ̀ lórí eékún.

"Olúwa, o ṣeun!"

Mo ní, "Mọ́mì, èmi ni mo ní kí wọ́n lọ́ ọ."

Kò gbọ́. Ó ti sáré lọ pe ìyá rẹ̀. Màmá àgbà dé, ó tẹjú mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. "Ọma mi! Ẹ̀gbọ́n mi tó kú rèé. Dàda ni òun náà!"

"Abẹ́rẹ́ kóróṣì la fi ṣe é, Màmá."

"Ta ló rán abẹ́rẹ́ níṣẹ́?"

Ẹ wá ẹni tó kàwé ju mí lọ kó dá a lóhùn.

Wọ́n se ẹ̀wà, àwọn ọmọ àdúgbò jẹ àjẹyó, òfin sì bẹ̀rẹ̀. Dàda kì í ru ẹrù. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n dàda kì í pẹ́ níta lẹ́yìn àṣálẹ́, dàda kì í jẹ oúnjẹ àná, dàda kì í gun ọ̀kadà kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Wọ́n ní dàda ò lè jà, ó lábùúrò tó gbójú. Tèmi gbójú ju bó ṣe yẹ lọ. Yunifásítì kan náà la jọ ń lọ, bí mo bá sì ti nawọ́ sí ọlọ́kadà, àbúrò mi obìnrin yìí á ti pariwo, "Dàda ni o! Má gbé e!" Ọlọ́kadà á sì sá lọ. Inú bí mi débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú títì.

Ọjọ́ tí àwa ọ̀dọ́ yan káàkiri ìgboro Òkìtìpupa láti fi han àgbà pé a ò gba àṣẹ ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́ pátápátá. Èmi ni mo ṣáájú. A ò tíì dé ọjà tí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Ìjù-Odò fi dé pẹ̀lú sùtánà, láìwọ bàtà, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń kọrin níwájú wa. Àwọn obìnrin ń gbé ọmọ wọn wá kí n fọwọ́ kàn wọ́n lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ mùsùlùmí nìkan ló rí ara gba sílẹ̀: fìlà ni bàbá rẹ̀ fún un, ó ní kó fi bo irun náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo wá rí i pé bí orí yìí bá jẹ́ tèmi lóòótọ́, àfi kí n fá a. Mo tọ onígbàjámọ̀ àdúgbò wa nílé lọ. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Dàda? Èmi kọ́! Lọ mú ìyá rẹ wá."

Ọmọ yunifásítì onírùngbọ̀n ni mí o! Mo padà sílé, mo ní wọ́n fi hàn mí lójú àlá pé kí n gé irun náà. Ìyá mi gbà lójú ẹsẹ̀, torí nínú ìjọ wa, a kì í bá àlá jiyàn. Ó tẹ̀ lé mi, ó gbàdúrà sórí ẹ̀rọ, ó wọ́n omi sí i, ó wá jókòó tì mí. Wọ́n so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Onígbàjámọ̀ béèrè pé, "Irú gígé wo?"

Mo la ẹnu.

Ìyá mi ní, "Gé e bí i ti bàbá rẹ̀."

Bó ṣe gé e nìyẹn. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.