Ẹyọ Kan Tí Olúwọlé Kà Sí Ara Rẹ̀ Lọ́rùn

Ó ti rẹ Olúwọlé kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn tán lọ́jọ́ kan. Àárẹ̀ tó wọ eegun ni, tó ń bá a jí láàárọ̀, tó ń bá a wọ mọ́tò láti Ìbàdàn dé Kàdúná, láti Kàdúná dé Èkó, tó sì ń bá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Òkè-Ìlá, ní ìlú Adó, pẹ̀lú àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tí awọ rẹ̀ ti bó.

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Ọlátúbọ̀sún, lo ọdún mẹ́rìndínlógójì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó fẹ́ fún àkọ́bí rẹ̀ kò ju ohun tí òun náà ṣe lọ: kí ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, kí ó dúró níwájú pátákó, kí ó máa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí ìwé náà ló ṣe rán an lọ sí Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Monínúọlá. Kò ronú rẹ̀ rárá pé ọkọ Monínúọlá ló ń bójú tó koríko pápá tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ìjọba ti ń gbá gọ́ọ̀fù.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti jáde, Olúwọlé a ru àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn ọ̀gá kiri pápá. A máa wo bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, bí wọ́n ṣe ń yí ìbàdí. Bí pápá bá sì dá, òun náà a mú ọ̀pá kan tó ti kán, tí wọ́n fi okùn dì, a máa gbá bọ́ọ̀lù kékeré náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi bó. Eré náà kò ṣòro í sọ. Ihò méjìdínlógún ló wà. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù kí ó tó wọ gbogbo wọn tán ló borí. Ṣíṣe rẹ̀ ló nira.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ ọ̀gá wọ bàtà onírin lábẹ́. Bàtà kánfáàsì ilé ìwé ni tirẹ̀. Ó na gbogbo wọn. Ó kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta sí bàbá rẹ̀ nípa ife tó gbà. Èsì tó dé láti Adó kò ju ìlà kan lọ: “Mo gbọ́. Báwo ni ìṣirò?”

Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Nígbà tó di ọmọ ogún ọdún, gọ́ọ̀fù ló fi ń jẹun: ó ń kọ́ àwọn ọ̀gá láàárọ̀, ó sì ń wọ ìdíje káàkiri. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ ń kí i, ó ń gbàdúrà fún un, wọ́n jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dárúkọ gọ́ọ̀fù.

Ohun tí Olúwọlé ń lé ni eré ńlá tí àwọn àgbà agbágọ́ọ̀fù láti òkè òkun ń gbá lọ́dọọdún láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì nílẹ̀ Áfíríkà. Kí ọmọ onílẹ̀ tó bá wọn gbá a, ó ní láti kọ́kọ́ gba ìdánwò ọjọ́ méjì ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹni mẹ́wàá péré. Ọdún mẹ́rin ló fi dán an wò, ọdún mẹ́rin ló fi kùnà. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó kó kúrò ní Ìbàdàn padà sí Adó, nítorí Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń ṣe olùkọ́ ní Ìgèdè, tí kò jìnnà síbẹ̀.

Adó kò ní pápá tó lè lò. Láyé ìgbà náà, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ló máa ń yí ihò ká ní ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa, kì í ṣe koríko. Olúwọlé lọ ń tọrọ epo ọkọ̀ tó ti dúdú lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò Adébáyọ̀, ó pò ó mọ́ iyanrìn odò, ó tẹ́ ẹ sí igun oko àgbàdo kan tí wọ́n ti kórè lójú ọ̀nà Ìgèdè. Òun nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn tó ń re oko á kí i pé ó kú iṣẹ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978, ó tún lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ kejì, ó ku ihò méjì péré, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ igbó ẹ̀gbẹ́ pápá. Bó ṣe gbé ọ̀pá sílẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà kí ó tó gbá a, bọ́ọ̀lù mì, ó yí díẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i. Òfin eré ni pé kí wọ́n ka ẹyọ kan kún iye ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Olúwọlé dúró. Ó wo bọ́ọ̀lù náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ké sí Akínọlá, ọmọ Adó tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó ń bá wọn kọ iye sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ẹyọ kan sí mi lọ́rùn. Bọ́ọ̀lù mi yí.”

“Èmi ò rí i o.”

“Èmi rí i, sà.”

Ẹyọ kan náà ni kò jẹ́ kí ó wà lára àwọn mẹ́wàá.

Nígbà tó délé, ó sọ àpò ọ̀pá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Mosún, ó ti sú mi.”

Mosúnmọ́lá wò ó. “Ṣé ó sú ẹ ni, àbí ó rẹ̀ ẹ́? Ohun tó rẹni yàtọ̀ sí ohun tó súni.”

Olúwọlé wá iṣẹ́ akọ̀wé sí ọ́fíìsì kan ní Adébáyọ̀, ó ń fi ọwọ́ tó ti le bí igi di gègé mú.

Oṣù bíi mẹ́ta kọjá. Akínọlá wá ṣe Ọdún Àjíǹde nílé, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Tíṣà lẹ́yìn ìsìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tíṣà kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

“Òótọ́ ni Akínọlá sọ?”

“Òótọ́ ni, sà.”

“Kò sẹ́ni tó rí ọ?”

“Kò sí, sà.”

Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má jí ìwé wò. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tìrẹ náà nìyẹn. Ìgbà wo lo tún ń lọ?”

“Mo ti fi í sílẹ̀, sà.”

“Mo ní, ìgbà wo?”

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wọ mọ́tò lọ sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979. Tíṣà wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú agbòòrùn dání, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo pápá tọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí àwọn ènìyàn bá pàtẹ́wọ́, a bi Akínọlá pé, “Ṣé ó dára?” Ní ọjọ́ kejì, oòrùn mú bí iná. Nígbà tí Olúwọlé gbá ihò kẹrìnlá tán, ẹ̀yìn rẹ̀ di. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá sún mọ́ ọn.

“Ó rẹ̀ ọ́?”

“Ó rẹ̀ mí, sà.”

“Ó rẹ èmi náà. Dìde.”

Ó dìde. Kò mọ bó ṣe gbá ihò mẹ́rin tó kù. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ, ipò kẹsàn-án ló wà. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi.

“Mo wọlé, sà.”

“Orúkọ tí mo kúkú sọ ọ́ nìyẹn,” ni Tíṣà wí, ó sì bọ́ bàtà láti fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

Olúwọlé bá wọn gbá eré ńlá náà ní Èkó, ó bá wọn dé Kẹ́ńyà àti Sáḿbíà. Ní Nàìróbì, ó rí òyìnbó kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, tó jókòó sórí àga nílé ìtura, tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín pa Olúwọlé. Ó ti rò pé bí òun bá débẹ̀, àárẹ̀ á tán. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì eré kọ̀ọ̀kan, wọ́n a máa yọ àwọn tí iye wọn pọ̀ jù kúrò; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá eré kan dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ipò kejìdínlógójì ló wà.

Oṣù Karùn-ún ló padà sí Adó, nínú òjò. Àwọn ará àdúgbò wá kí i, wọ́n ń bèèrè ife tó gbà bọ̀. Tíṣà ló ń dá wọn lóhùn, ó ń to orúkọ àwọn ìlú náà bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Orí àga ni Olúwọlé sùn lọ sí níwájú wọn, bàtà lẹ́sẹ̀. Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà náà jẹ́jẹ́ kí ó má bàa jí i.